Ọjọ́ Kan Láàrin Ọsàn: Bí Ẹ Ṣe Lè Gbádùn Ọgbà Ọsàn Riverside ní Kalifọ́níà

Bí ẹ bá ń gbé ní Los Angeles, ní San Bernardino tàbí níbikíbi ní gúúsù Kalifọ́níà, tí Sátidé kan ṣí sílẹ̀ fún yín, tí ẹ ò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ fi gbogbo ọjọ́ náà tẹ fóònù, mo ní ibì kan tí mo fẹ́ kí ẹ lọ. Ìlú Riverside ní ọgbà ìjọba kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nítorí ọsàn nìkan. Orúkọ rẹ̀ ni California Citrus State Historic Park, ọdún 1993 ni wọ́n sì ṣí i. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà nínú rẹ̀, oko ọsàn tó gbòòrò sì yí ilé náà ká, oko gidi tí wọ́n ń bomi rin, tí wọ́n sì ń kórè.

Mo ti lọ síbẹ̀ nígbà mẹ́fà báyìí. Èyí tí mo gbádùn jù ni ìgbà tí mo mú ìyá mi dání, nígbà tí wọ́n wá láti Ìbàdàn láti bá wa tọ́jú ìkókó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà ló tún gbogbo ètò mi tò. Ètò tuntun yẹn ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́.

Ẹ mú oṣù kí ẹ tó mú ọjọ́

Nígbà àkọ́kọ́, oṣù Kẹjọ ni mo kó àwọn ọmọ lọ, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, torí pé ilé-ìwé wà ní ìsinmi. Ooru Riverside nínú oṣù yẹn máa ń kọjá ìwọ̀n 35 lórí Celsius dáadáa. Àwọn ọsàn orí igi ṣì kéré, wọ́n le bí òkúta, àwọ̀ wọn ò sì yàtọ̀ sí ti ewé. A dé ẹnu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, a bá a ní títì, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi wa ọkọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo fi wà á bọ̀, ọmọ mi obìnrin sì sunkún délé.

Nítorí náà, oṣù ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn. Ọsàn tí Riverside fi lórúkọ, ọsàn onídodo tí wọ́n ń pè ní navel, máa ń gbó láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Karùn-ún. Láàrin àkókò yẹn, oṣù Kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ọsàn pípọ́n ṣì wà lórí igi, òdòdó tuntun sì ti ń tú lára igi kan náà. Bí ẹ bá sọ fèrèsé ọkọ̀ kalẹ̀, òórùn dídùn rẹ̀ á pàdé yín kí ẹ tó rí igi kankan. Oṣù Kejìlá náà dára fún ọsàn, àmọ́ àwọn èrò tó ń wá wo iná ọ̀ṣọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì Mission Inn máa ń kún àárín ìlú fọ́fọ́ lálẹ́.

Lẹ́yìn oṣù, ẹ mú ọjọ́: òpin ọ̀sẹ̀ ló fi ọkàn balẹ̀ jù. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ béèrè nǹkan méjì péré. Ṣé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ṣí? Ṣé ìrìn tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní ọsàn tọ́ wò máa wáyé, aago mélòó sì ni? Ìrìn yẹn ni adùn ọjọ́ náà, ẹ má jẹ́ kó fò yín.

Ohun tí ẹ máa dì sínú ọkọ̀

Omi, fìlà, bàtà tó ṣeé rìn nínú yẹ̀pẹ̀, aṣọ ìnura kékeré nítorí omi ọsàn, àti owó díẹ̀ fún ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ di oúnjẹ yín sínú kúlà, torí pé koríko tútù àti tábìlì wà nínú ọgbà tí ẹ lè jókòó tì. Móínmóín ni àwa máa ń gbé, kì í dà sára aṣọ. Bí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú yín, ẹ fi àga pẹlẹbẹ kan tó ṣeé ká sẹ́yìn ọkọ̀.

Láti Los Angeles, òpópónà 91 ni ẹ máa gbà, ẹ ó sì yà sí Van Buren Boulevard. Ẹni tí kò bá fẹ́ wakọ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin Metrolink dé ibùdókọ̀ Riverside–La Sierra, kó sì gba takisí láti ibẹ̀. Ẹ kúrò nílé ní aago mẹ́jọ. Àmọ́ ẹ má tíì lọ sí ọgbà o.

Ẹ kọ́kọ́ lọ kí ìyáálé

Níbi tí òpópónà Magnolia àti Arlington ti pàdé nínú ìlú Riverside, igi ọsàn kan wà nínú ọgbà irin kékeré. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á wakọ̀ kọjá lára rẹ̀. Ìjọba Kalifọ́níà ti kà á mọ́ àwọn ibi ìrántí rẹ̀, òun ni wọ́n fún ní nọ́ńbà 20. Láti ọdún 1873 ni igi yẹn ti wà láyé.

Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bràsíl. Ibẹ̀ ni ẹ̀ka kan lára igi ọsàn ti yí ìṣe padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó bẹ̀rẹ̀ sí í so ọsàn tí kò ní hóró, tó sì ní nǹkan bí ìdodo nídìí. Ní àkókò yẹn gan-an ni wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbẹ̀, lẹ́rú lọ sí Bàhíà. Mi ò lè dúró níwájú igi yìí kí n má rántí wọn. Ní ọdún 1870, igi kékeré 12 láti Bàhíà dé ọwọ́ William Saunders, ọ̀gá ọgbà fún ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Washington. Ó sọ wọ́n di púpọ̀, ó sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí obìnrin kan tó ń jẹ́ Eliza Tibbets ní Riverside. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílùú náà ni pé omi ìfọwọ́ àti omi ìfọbọ́ ni obìnrin yìí fi ń rin àwọn igi náà, torí pé omi ò wọ́pọ̀ nílé rẹ̀.

Méjì nínú wọn là. Ní ọdún 1903, Ààrẹ Theodore Roosevelt fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbin ọ̀kan síwájú Mission Inn. Ìyẹn kú ní nǹkan bí 20 ọdún lẹ́yìn náà. Èkejì ló wà níbi tí mo ní kí ẹ lọ yìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni ìsàlẹ̀ igi náà. Àrùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìdí rẹ̀ nígbà kan. Ní ọdún 1918, àwọn onímọ̀ gbin àwọn igi ọsàn kéékèèké mìíràn tó lágbára sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n bẹ́ orí wọn, wọ́n sì lọ́ wọn sára ìyá igi náà, kí gbòǹgbò wọn lè máa fa omi fún un. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1951. Ẹsẹ̀ àyálò ni igi yẹn fi dúró dòní.

Ẹ ó tún rí aṣọ bí àwọ̀n tí wọ́n fi bò ó láti nǹkan bí ọdún 2018. Kòkòrò kan tí kò tóbi ju hóró yànmọ̀tí lọ ló fà á. Á fa omi ewé mu, á sì fi àrùn kan tí wọ́n ń pè ní HLB síbẹ̀. Àrùn náà á dí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú igi, ọsàn á wọ́, á korò, igi á sì kú. Kò tíì sí oògùn rẹ̀. Ní Florida, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005, wọ́n ti ń kórè ọsàn tó lé ní àpótí mílíọ̀nù 240 lọ́dún kan ṣáájú. Ní ìkórè 2023 sí 2024, kò pé àpótí mílíọ̀nù 20. Wọ́n rí i ní Riverside náà ní ọdún 2017. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dáṣọ bo ìyá àgbà.

Nígbà tí mo mú ìyá mi lọ, ìparí ọjọ́ ni mo gbé igi yìí sí, bí ohun tí èèyàn kàn fi ṣe ẹ̀yìn ìrìn. A ti jẹ, a ti mu, a ti wo gbogbo rẹ̀ tán. Mo wá sọ ìtàn tí mo sọ fún yín yìí fún wọn. Màmá dúró, wọ́n tún ìborùn wọn wé, wọ́n ní, "Ìyá àgbà, ẹ kú ìdúró o." Wọ́n wá yíjú sí mi: "Ṣé èèyàn máa ń jẹun tán nílé onílé kó tó lọ kí ìyáálé ni?" Láti ọjọ́ náà, igi yìí la ń kọ́kọ́ lọ kí. Ìṣẹ́jú 20 tó fún un. Ẹ má fọwọ́ kan ewé kankan, ẹ má sì mú ewé tàbí ẹ̀ka ọsàn láti ilé yín débẹ̀.

Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé

Láti ìdí igi náà dé ọgbà, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ nínú ọkọ̀. Ọsàn ràgàjì kan tí wọ́n kọ́ bí ìsọ̀ wà ní ìkóríta Van Buren àti Dufferin. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ ti dé nìyẹn.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà kò tóbi. Èèyàn lè rìn yí i ká ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àmọ́ ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 45. Ẹ wo bí igi kan ṣe sọ ìlú aláginjù di ìlú olówó, tó fi jẹ́ pé ní ọdún 1895 wọ́n ní kò sí ìlú tó lówó tó o ní Amẹ́ríkà, bí a bá pín owó náà kárí àwọn ará ìlú. Omi ni àkọ́kọ́: Matthew Gage, ẹni tó ń ta aago àti góòlù, ló ya odò àtọwọ́dá tó gba ibi gíga ìlú kọjá ní àwọn ọdún 1880. Omi odò Gage yẹn ṣì ń dé oko tí ẹ máa rìn nínú rẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn omi, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n kó yìnyín sí ló ń gbé ọsàn lọ sí New York. Ní ọdún 1893, àwọn àgbẹ̀ kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan láti ta ọsàn wọn pọ̀, kí àwọn alágbàtà má baà máa rẹ́ wọn jẹ. Ẹgbẹ́ yẹn ni gbogbo ayé ń pè ní Sunkist báyìí. Ẹni tó bá ti inú ìdílé olóko kòkó wá, bíi tèmi, á mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn ọmọ á fẹ́ràn àwọn àwòrán tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ àpótí ọsàn láyé ìgbà yẹn. Oníràwọ̀ wà níbẹ̀, ẹlẹ́ṣin wà, òkè oníyìnyín wà, gbogbo rẹ̀ láti fa ojú oníbàárà mọ́ra. Nígbà tí páálí rọ́pò àpótí onípákó ní àwọn ọdún 1950, àwòrán náà kú. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bébà àti pẹ́ńsù, kí wọ́n ya tiwọn, kí wọ́n sì fún oko wọn lórúkọ. Ọmọ mi ọkùnrin pe tirẹ̀ ní "Ọsàn Ìyá Ìbàdàn".

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún wo ojú àwọn tó ń ká ọsàn náà. Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́kọ́ pọ̀ nínú wọn, lẹ́yìn náà àwọn ará Jàpáánì, lẹ́yìn náà àwọn ará Mẹ́síkò, tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ní àdúgbò Casa Blanca nítòsí oko. Àwọn obìnrin ló kún ilé tí wọ́n ti ń ṣa ọsàn, tí wọ́n sì ń tò ó sí àpótí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní éékà kan ṣoṣo. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé owó ìlú náà ti orí àkàbà àwọn èèyàn wọ̀nyí wá.

Rírìn nínú oko

Kó tó di ọ̀sán gangan ni kí ẹ rìn. Ọ̀nà ẹsẹ̀ náà ga díẹ̀, ó sì tẹ́jú tó fún kẹ̀kẹ́ ìkókó bí ẹ bá rọra. Láti òkè, ẹ ó rí igi ọsàn lọ bí ilẹ̀ bẹẹrẹ, àti igi ọ̀pẹ gàgàrà tí wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Fáànù ńlá tí ẹ máa rí lórí òpó gíga kì í ṣe ti iná mànàmáná. Lálẹ́ tí òtútù bá fẹ́ pa ọsàn, wọ́n á tàn án kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lókè wálẹ̀. Láyé àtijọ́, epo ni wọ́n ń jó nínú àwọn ìkòkò irin láàrin igi, èéfín á sì bo ìlú mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ má já ọsàn o. Ó ń ṣe èèyàn bíi kó nawọ́, mo mọ̀, pàápàá àwa tí a dàgbà sídìí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé. Òfin ọgbà náà kò gbà á. Ẹ ní sùúrù, tí yín ń bọ̀.

Ọsàn títọ́ wò

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù nìyí. Ẹni tó ń mú yín rìn á gé oríṣiríṣi ọsàn fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó dùn, kí ẹ tó lọ sórí èyí tó kan. Bí ẹ bá kọ́kọ́ mu èyí tó kan, ahọ́n yín kò ní mọ adùn èyí tó tẹ̀lé e mọ́. Ẹ máa fi omi là á láàrin méjì.

Ọsàn onídodo ni kí ẹ fi ṣáájú. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè kí ẹ wò ó: ọsàn kékeré mìíràn ló wà nínú ìdodo yẹn, bí ìkókó tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Èèpo rẹ̀ nípọn, ọwọ́ lásán lẹ lè fi bó o, yóò sì ya sí kélé-kèlè-kélé fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ béèrè Cara Cara, ọmọ ìyá rẹ̀ kan tí wọ́n rí ní Fẹnẹsúélà ní ọdún 1976. Inú rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ tó gbó, kò sì kan rárá. Moro ni èyí tí inú rẹ̀ dúdú bí omi zobo. Kumquat kò ju ọmọ orí àtàǹpàkò lọ, odindi ni wọ́n ń jẹ ẹ́, tèèpo tèèpo, nítorí pé ara èèpo ni adùn wà, inú ló kan. Àwọn ọmọ mi tutọ́ tiwọn dànù, èmi jẹ márùn-ún.

Nígbà tí wọ́n fún ìyá mi ní ọsàn onídodo, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn lọ́bẹ. Wọ́n bó o bí wọ́n ṣe ń bó o ní ọjà Òjé: èèpo kan ṣoṣo tó gùn, tó ń yí wálẹ̀ bí ọ̀já, láìjá. Wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n tẹ ẹnu mọ́ ọn, wọ́n sì fún un. Omi tó jáde kò pọ̀. Wọ́n wá là á sí méjì, wọ́n fi ọ̀bẹ tú inú rẹ̀ wò, wọ́n ń wá hóró.

"Ọsàn yìí mà ò lọ́mọ nínú."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní hóró rárá.

"Báwo ni wọ́n ṣe wá ń gbìn ín?"

Mo ṣàlàyé pé wọ́n ń lọ́ ọ ni. Wọ́n á gé ojú kékeré kan lára ẹ̀ka igi onídodo, wọ́n á la èèpo igi ọsàn mìíràn tó ti ta gbòǹgbò, wọ́n á fi ojú náà sínú rẹ̀, wọ́n á sì dì í pa títí yóò fi mú. Torí náà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọsàn onídodo tó wà ní Kalifọ́níà, ara igi tí Eliza Tibbets fi omi ìfọbọ́ rin ni. Bí èèyàn bá ṣíwọ́ lílọ́ ọ fún ìran kan péré, ó parí. Màmá gbé ìlàjì ọsàn náà dání fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán, wọn ò jẹ́ kí ẹ̀kán kan dànù. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní kí n wá lọ fi ìyá rẹ̀ hàn àwọn.

Èyí tí ẹ máa gbé lọ sílé

Ẹ ra ọsàn níbi tí wọ́n ti ń tà á lẹ́bàá oko tàbí lọ́jà, èyí tí wọ́n ti fọ̀, tí kò ní ewé tàbí igi lára. Nítorí àrùn tí mo sọ lókè, ìjọba kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ọsàn ẹ̀yìnkùlé láti agbègbè kan sí òmíràn. Ẹ má sì fi ọsàn kankan sínú àpótí àlejò tó ń padà sí Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ láti ilé kó ọsàn tàbí ewé rẹ̀ wá. Èso yòówù tó bá wà nínú àpótí, kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfuurufú; ẹni tó bá fi í pamọ́ lè san owó ìtanràn.

Bí ẹ bá fẹ́ fún omi ọsàn onídodo, ẹ mu ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, yóò korò, nítorí ohun kan nínú ẹran ọsàn náà tó máa ń yí padà bí omi rẹ̀ bá ti jáde. Àìmọ̀ yìí ti jẹ́ kí n da odindi jọ́ọ̀gì kan nù rí, mo rò pé ọsàn náà ló ti bàjẹ́. Fún omi tí ẹ fẹ́ fi pamọ́, ẹ ra Valencia, èyí tó máa ń pọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ sá èèpo rẹ̀ sóòrùn kó gbẹ. Ìyá mi kó gbogbo èèpo ọjọ́ náà sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n ní ó dára láti jó lé ẹ̀fọn lọ.

Ẹ gbéra kúrò ní Riverside kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, kí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ òpópónà 91 má baà ká yín mọ́. Bí àwọn ọmọ bá sùn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ má jí wọn títí ẹ ó fi délé.